Síkáànù tí Ìyá Ìbejì fi owó alájẹṣẹ́kù ṣe

Àpò ìwé funfun gbàǹgbà kan ni Ìyá Ìbejì gbé ka orí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Ẹ ní kò sí nǹkan kan lórí mi. Nǹkan wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ohùn ẹni tó jàre ẹjọ́ ni.

Ìdí tábìlì ètò adójútòfò ìlera ni mò ń jókòó sí, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Àbújá. NHIS ni gbogbo èèyàn ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ti sọ ọ́ di NHIA. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo ń bá àwọn HMO, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ètò náà sanwó ìtọ́jú, fa ọ̀rọ̀ kóòdù, nọ́ńbà àṣẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún wa kí wọ́n tó sanwó, èmi náà ni aláìsàn ń kanra mọ́ tí kóòdù ò bá jáde. Obìnrin tí mò ń sọ yìí gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, ó ní kí n sáà má jẹ́ kí ará ọ́fíìsì òun mọ̀ pé òun ni. Nítorí náà kò bí ìbejì o. Orúkọ tí mo fi bo ojú rẹ̀ ni.

Mararaba ló ń gbé. Lórí ìwé, ìpínlẹ̀ Násáráwá ni, àmọ́ Àbújá ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti ń jẹun. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ti ń kúrò nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá fi di aago mẹ́fà lójú ọ̀nà yẹn, ó parí nìyẹn. Réjísìtìrì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Federal Secretariat, láàárín fáìlì àti eruku, kì í sì í fi nǹkan kan sẹ́nu títí aago mọ́kànlá á fi lù. Bó bá ń padà lọ nírọ̀lẹ́, oòrùn á dojú kọ ọ́ níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá mọ oòrùn Àbújá láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ò ní kí n ṣàlàyé.

Ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ti wà láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun náà ní i: bó bá ti dé, màmá á fi gèlè di orí pinpin, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọhùn sókè nínú ilé títí ọjọ́ kejì.

Mo bá a níbi tó ti dé sí i lẹ́ẹ̀kan, nínú gbọ̀ngán tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ó ń ka nọ́ńbà tó wà lórí káàdì rẹ̀ fún mi, ló bá dákẹ́. Ó ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn ti lọ. Kì í ṣe pé kò ríran. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan tó ń kọ yẹ̀rì bí eyín ayùn ló yọ ní igun ojú rẹ̀, ó sì ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ìdajì ohun tó ń wò. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú kí ìyẹn tó lọ. Nígbà náà ni orí wá bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún nìkan, ó ń lù kì, kì, kì, bí ẹni ń gún iyán sí agbárí rẹ̀. Ẹnì kan ṣí kúlà ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òórùn ọbẹ̀ yẹn ló mú un bì. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó wò ó, ó ní, "Ibà ni. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì."

Ibà! Yorùbá kúkú ní orúkọ tiwa fún àìsàn yìí tí òyìnbó ń pè ní migraine, túúlu là ń pè é, àwọn tó bí wa sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́rí lásán. Síbẹ̀, èèyàn á máa gbọ́ ọ káàkiri pé àìsàn òyìnbó ni. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, dókítà ọpọlọ, ti fèsì sí ìyẹn tipẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà, wọ́n bi èèyàn tó sún mọ́ 19,000 léèrè ọ̀rọ̀, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992 sì fi hàn pé bí ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ní i. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ síkáànù wọ Igbó-Ọrà. Ìbéèrè ni. Apá kan ni àbí méjèèjì? Ó ń lù ni àbí ó ń fún yín? Ṣé inú ń rìn yín, ṣé ìmọ́lẹ̀ ń dà yín láàmú? Wákàtí mélòó ló ń lò? Títí di òní, ìlànà tí àwọn dókítà ẹ̀fọ́rí lágbàáyé ń lò kò yàtọ̀ sí èyí: ó kéré tán ìgbà márùn-ún kó ti ṣe ọ́, kó máa lò láti wákàtí mẹ́rin sí ọjọ́ mẹ́ta, kó sì ní àwọn ààmì tí mo kà yìí. Ẹ̀rọ kò sí nínú rẹ̀. Túúlu kì í hàn nínú fọ́tò.

Àmọ́ ta ló bi Ìyá Ìbejì ní ìbéèrè? Ọdún mẹ́ta ló fi ń wá sọ́dọ̀ wa. Mo ṣí fáìlì rẹ̀: dókítà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti kọ̀wé sínú rẹ̀, kò sí èyí tó kọ ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹ̀fọ́rí. Ibà? Pàrásítámọ́ọ̀lù. Kó sinmi. N ò fi ṣe ẹ̀sùn fún wọn, mo mọ iye èrò tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó yẹ kó bá wọn pín in sì ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Riyadh. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́ kò fi ìyẹn ṣe oògùn.

Ní ìparí ọdún 2023, ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì wọn ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní kókó kan ló ti ń dàgbà lórí rẹ̀ láìmọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ìbejì ti ní síkáànù lòun ń fẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n dáadáa, ó jọ pé ikú ọkùnrin yẹn nìkan kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní ọ̀lẹ ni, ó ní ta ni orí kì í fọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ń ta á lọ́fà. Wòlíì ní kó gbààwẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n rí lórí rẹ̀, òun nìkan ni kò ní ohun tó lè nà sókè kó ní: ẹ wò ó, òun nìyí.

Dókítà tó kọ̀ fún un jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ wa ni. Ó ní, "Mà, ẹ ò nílò síkáànù," ó sì pe ẹni tó kàn. Òótọ́ ló sọ. Kò sọ ìdí rẹ̀ ni. Ìyá Ìbejì bá wá sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun gba kóòdù. Mo ṣàlàyé fún un pé bí dókítà ò bá kọ ọ́, HMO ò ní fún wa ní kóòdù, àti pé bó tilẹ̀ kọ ọ́, ìwé ìlànà tí a jogún láti ayé NHIS to CT àti MRI, oríṣi síkáànù méjì tó ń ya fọ́tò inú orí, mọ́ ohun tí ètò kò san tán: HMO á san ìdajì, aláìsàn á san ìdajì. Ó wò mí tìka-tẹ̀gbin, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Torí owó ni." Mo wá sọ ohun tí ẹnu mi ò bá má sọ. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí yín." Èmi! Èmi tí n kò mọ̀ ju kí n tẹ nọ́ńbà sórí kọ̀ǹpútà lọ.

Ó lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé iṣẹ́ wọn. ₦130,000 ni MRI níbi ìkọ̀kọ̀ tó lọ. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló bá a kọ ìwé tí wọ́n máa ń béèrè. Ó ní ariwo inú ẹ̀rọ náà dà bí kí wọ́n fi èèyàn sínú páànù kí wọ́n máa fi òòlù lù ú, túúlu sì ti gbé e kó tó délé. Lọ́jọ́ kẹta ni èsì jáde. Wọ́n rí ààmì funfun wẹ́wẹ́ mélòó kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà sọ pé kí dókítà tó rán an wá fi èsì yìí wé ohun tó rí lára rẹ̀.

Dókítà wo? Kò sẹ́ni tó rán an. Àpò ìwé yẹn ló wá gbé ka orí tábìlì mi pẹ̀lú ohùn ẹni tó jàre.

Ìdálàre náà kò pẹ́ ọjọ́ méjì. Ó ti wọ Google, ó ti rí rọpárọsẹ̀, ó ti rí àwọn àrùn tí ń jẹ iṣan ara lára. Oorun dá. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, bẹ́ẹ̀ àìjẹun wà lára ohun tó máa ń fa túúlu jáde jù. Ó fi ọjọ́ márùn-ún nínú méje yẹn dùbúlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ti fẹ́ kú ni?" N kò gbàgbé ìpè yẹn.

Mo mú àpò ìwé náà tọ ọ̀dọ́ dókítà yẹn lọ. Ó kà á, ó fọwọ́ gbá iwájú orí, ó sì ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀: ó kọ ìwé rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń rí sí ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Kóòdù ìyẹn jáde lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi dúró kí ààyè tó yọ.

Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo tẹ̀ lé e lọ. Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ọmọ Kano, Ìlọrin ló ti kàwé, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti àwọn ọmọ tí mo bí sí Àbújá lọ. Ìyá Ìbejì na àpò ìwé sí i. Ó gbà á, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tú u. Ó ní, "Sannu. Ẹ jókòó. Ẹ sọ ti àkọ́kọ́ tí ẹ rántí fún mi."

Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú tí a lò níbẹ̀. Ó béèrè ti màmá tó wà ní Ìkìrun. Ó béèrè aago tó ń jẹun. Ó ní kó ya ìlà wọ́gọwọ̀gọ yẹn sórí bébà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da báàgì yín sórí tábìlì." Oògùn ṣàn jáde bí ẹni da ẹ̀wà: pàrásítámọ́ọ̀lù tó ní kaféìnì nínú, ibuprofen, àti àwọn ọ̀rá kéékèèké tí kẹ́míìsì Mararaba máa ń pọ oògùn mẹ́rin-márùn-ún sí láìkọ orúkọ sí i. Àwọn méjèèjì jọ kà á. Ọjọ́ 22 ló ń lo oògùn nínú oṣù. Dókítà wá sọ ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí: ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí lásán ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tàbí irú àpòpọ̀ yẹn ní ọjọ́ 10, tó sì ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ á máa bí ẹ̀fọ́rí. Ó ń fi epo pa iná.

Káàdì kékeré kan wà láàárín wọn. Dókítà mú un, ó yí i padà. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni, èyí tó ní hómóònù tí wọ́n ń pè ní estrogen nínú. Ó bi í pé ta ló fún un. Ó ní kẹ́míìsì ni, ọdún méjì sẹ́yìn. Obìnrin tó bá ń rí irú ìlà yẹn kí túúlu tó dé, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kò gbọdọ̀ lo irú oògùn yẹn, torí ó ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀. Wọ́n dá a dúró níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì rán an lọ gba irú mìíràn tí kò ní estrogen. MRI ₦130,000 ò rí káàdì yẹn. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ rí i nínú báàgì?

Lẹ́yìn èyí ló wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó ní kó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú kó di ojú, kó fi ìka kan imú, kó rìn lórí ìlà kan bí ẹni ń wọn ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó fi òòlù rọ́bà kan orúnkún rẹ̀. Ó wá pa iná, ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ní gíláàsì lójú, ó sì sún mọ́ ọn débi pé Ìyá Ìbejì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbóòórùn mínìtì lẹ́nu dókítà. Ẹ̀yìn ẹyinjú ló ń wò. Iṣan kan wà níbẹ̀ tó ti inú ọpọlọ wá. Bí nǹkan bá ń fún ọpọlọ mọ́ inú agbárí, orí iṣan yẹn á wú. Tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí wàhálà. Ọdún mẹ́ta, dókítà mẹ́fà, kò sẹ́ni tó pa iná wo ojú rẹ̀ rí.

Ìgbà yẹn ló tó tú àpò ìwé. Ó gbé fíìmù sójú iná, ó ní, "Àwọn ààmì yìí? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní túúlu ló ní wọn. Wọn kì í di kókó." Ó ní bí a bá kó àwọn tí nǹkan kan ò ṣe sínú ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ á rí nǹkan lórí àwọn kan. Mo wá a kà fúnra mi lẹ́yìn náà: ìwádìí kan tó jáde ní 2009, tó kó MRI èèyàn tó lé ní 19,000 jọ, bá nǹkan àìròtẹ́lẹ̀ lórí bí ẹnì kan nínú 37, láìtíì ka irú ààmì funfun yìí mọ́ ọn.

Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ní túúlu máa retí síkáànù lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà? Lójú tèmi, bí túúlu náà bá jẹ́ èyí tó ti ń ṣe é bákan náà láti ọdún pípẹ́, tí dókítà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ, rárá. Kì í sì í ṣe torí pé a jẹ́ aláìní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti ń sanwó ìwòsàn, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, gbé jáde ní 2012 sọ pé kí wọ́n má fi ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé túúlu ló ní ránṣẹ́ sí síkáànù torí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ nìkan. Àwọn dókítà ẹ̀fọ́rí Amẹ́ríkà sọ irú rẹ̀ ní 2013, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò wọ́n wọn. CT a máa ta ìtànṣán sí èèyàn lára. MRI kì í ta, àmọ́ ẹ ti rí ohun tí tiẹ̀ náà ṣe fún Ìyá Ìbejì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn létí àwọn HMO. "Kò nílò rẹ̀" ni gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti awakọ̀ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni ọdún 58, ará Kubwa. Orí kì í fọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kadà gbé e ṣubú, ó dìde, ó gbọn eruku nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọ́rí bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń le sí i. Ó ń gbàgbé nǹkan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ìgbà tí dókítà kan wá kọ CT fún un, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pe HMO fún kóòdù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sáré wá ìdajì owó. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ egungun orí rẹ̀. Wọ́n lu ihò síbẹ̀, wọ́n fà á jáde, ó wà láyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mi ò sùn dáadáa.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí síkáànù máa dúró dè. Ẹni tí ẹ̀fọ́rí sán lù bí àrá, tó le dójú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ti lé ní 50 kí irú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ibà àti ọrùn líle bá a rìn, ẹni tí gìrì mú, ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ ń kú lára rẹ̀, aláboyún tàbí abiyamọ tuntun tí orí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́, ẹni tó ní HIV tàbí jẹjẹrẹ, àti ẹni tí túúlu rẹ̀ àtijọ́ ṣàdédé yí ìwà padà. Ìyá Ìbejì kò sí nínú wọn, ogójì ìṣẹ́jú ìbéèrè ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ètò jẹ ẹ́, òun ni kò rí gbà fún ọdún mẹ́ta, òun ló sì sọ síkáànù di ohun kan ṣoṣo tó jọ ìtọ́jú lójú rẹ̀.

Wọ́n fún un ní propranolol, oògùn tó ń dín bí túúlu ṣe ń wá kù, lẹ́yìn tí wọ́n béèrè bóyá ó ní ikọ́ fée (asthma), wọ́n sì gba gbogbo oògùn báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ burú. Ó pè mí lóru ọjọ́ kẹrin, ó ní òun ti fẹ́ lọ sí kẹ́míìsì, mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 22 ti di 7. Kò lọ tán. Ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé réjísítà àtijọ́ kan: ọjọ́, aago, ohun tó jẹ, oògùn tó lò. Búrẹ́dì àti ẹyin ló ń jẹ nínú bọ́ọ̀sì ní aago márùn-ún ìdájí báyìí, ó ní àwọn èrò ń bínú sí òórùn ẹyin.

Àpò ìwé funfun yẹn? Ó mú un lọ fi han ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wo fíìmù sójú fèrèsé, kò mọ ohun tó ń wò, ó sì ní kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ kúrò lábẹ́ iná fuloresẹ́ǹtì tó ń ṣẹ́jú. Ó ku ₦26,000 tí ó jẹ alájẹṣẹ́kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bi mí bóyá HMO lè dá ìdajì owó MRI padà fún òun. Mo bá a kọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ èsì. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ìlà kan péré: kò sí kóòdù lórí rẹ̀.